Àṣàkẹ́, Má Tìtorí Túúlu Gbé Kọ́kọ́rọ́ Sílẹ̀

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láti Wásinmi títí dé Kọ́bapẹ́, èmi nìkan ni ọmọkùnrin tó bí ìyá tó bí i. Mo ti kú rí, mo ti padà dé, mi ò sì pẹ́ lọ́nà. Ẹ̀fọ́rí tó ti kọ lù mí láyé méjèèjì tó láti fọ́ òkúta Olúmọ sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n fi da kọnkéré, ṣùgbọ́n mo ti lù ú débi pé tó bá rí mi ní Kútọ̀ báyìí, òdìkejì títì ló ń sá gbà. Àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀ lè jẹ́rìí mi. Nítorí náà, tí irú mi bá ń sọ̀rọ̀ orí fífọ́, kí ọmọdé bíi tìrẹ fìdí mọ́lẹ̀ kó gbọ́.

Rísí, ìwọ ọmọ iṣẹ́ ìyá mi tí ò ń ka ìwé yìí sí wọn létí, má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ò ń bi ara rẹ pé ta lèyí tó ń pe ìyá ẹni ní Àṣàkẹ́ bí ẹni ń pe ọmọ ọwọ́. Babátúndé ni orúkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Bàbá tó bí ìyá mi ti kú kí wọ́n tó lóyún mi, nítorí náà láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mi ni ìyá mi ti ń pè mí ní "bàbá mi", tí Màmá Àgbà, ìyá wọn, sì ń pè mí ní ọkọ òun. Bàbá tó bí mi gan-an, tó ń wa tírélà sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, àna mi ni. Kò tíì dọ̀bálẹ̀ fún mi lọ́dún yìí. Mo ń wò ó níran.

Màmi, ẹ má bínú. Ẹnu ọmọ ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ẹ kì í sì í gbọ́. Lónìí ẹnu bàbá yín ni mo fẹ́ lò. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ "ìwọ", bàbá yín ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ "ẹ̀yin", ọmọ yín ló dọ̀bálẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀. Mi ò pè yín lórí fóònù, torí mo mọ̀ pé tí orí yẹn bá ti dé, ṣe ni iná fóònù máa ń gún yín lójú bí abẹ́rẹ́, ẹ ó sì pa á. Ìwé kì í tanná, kì í dún. Bọ̀ọ̀dá Múfú awakọ̀ ló máa gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la, Ọjọ́bọ̀, kí Jímọ̀ tó dé.

Jímọ̀ yẹn ni mo ń bá jà.

Àǹtí Mosún, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń rẹ aṣọ ní Ìtòkú nígbà kan, ló wá sílé wa lánàá. Wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Túndé, ìyá ẹ ń bọ̀ wálé o. Tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, ó máa kó kọ́kọ́rọ́ ilé aró fún Àlàájà tó ni ín, á sì kẹ́rù ẹ̀."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀ wọ́n?"

"Ta ló sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀? Ipò ni wọ́n ń bá a dù. Àtìgbà tí wọ́n ti fi í ṣe ọ̀gá àwọn aláró ní Kọ́bapẹ́ lorí ò ti jẹ́ kó gbádùn. Ẹ̀gbẹ́ kan ló sì ń fọ́ o, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ṣójú lásán nìyẹn?"

"Àǹtí, ṣé àwọn ayé tó ń bá wọn jà wá láhun ni, tí wọn ò ràn án dé ẹ̀gbẹ́ kejì?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Ẹnu ẹ yìí ló máa pa ẹ́."

"Ó ti pa mí lẹ́ẹ̀kan, Àǹtí. Mo ti padà dé."

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àǹtí Mosún lọ tán, wọ́n ń fi etí ìró wọn nu ojú lọ nu ojú bọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pè mí.

"Olówó orí mi, ṣé ẹ rántí iṣẹ́ rélùwéè tí ẹ fi sílẹ̀?"

Mo ní mo gbàgbé, ọ̀nà ọ̀run jìn, kí wọ́n rán mi létí. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ fún ọ, Àṣàkẹ́, torí o ṣì kéré nígbà tó ṣẹlẹ̀, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ rí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá sáyé, géńdé ni mí, mo ń bá wọn tún ojú irin ṣe. Iṣẹ́ tó gbayì ni. Túúlu wá ń yọ mí lẹ́nu. Ojú á kọ́kọ́ máa ṣe mí bàì-bàì, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ òsì orí á máa lù kìkì, màá sì bì. Àwọn ẹbí ní iṣẹ́ náà ni, pé ẹnì kan fẹ́ gbapò mi, pé ariwo irin tí wọ́n ń lù ni wọ́n fi ń pè mí lórúkọ. Èmi náà gbà. Mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mo gba oko lọ ní Wásinmi. Mo ní bí orúkọ ìlú ṣe ń jẹ́ gan-an ni màá ṣe: màá wá, màá sinmi.

Túúlu ti ṣáájú mi dé oko. Ó ti jókòó sídìí ọ̀pẹ, ó ń retí mi.

Màmá Àgbà ní títí ọjọ́ tí mo fi kú, tí rélù bá ti ń kọjá, ṣe ni mo máa ń gbé ọkọ́ sílẹ̀ tí màá máa wò ó títí tó fi wọgbó. Mo kàn ń wò ó. Iṣẹ́ ti lọ, orí ṣì ń fọ́. Èmi tí mo ti pàdánù méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà tó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, èmi ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sọ ọ́. Ó dáa, wọn ò wò mí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wò mí, ohun tí wọn ì bá sọ náà nìyẹn.

Nítorí náà, àṣẹ àkọ́kọ́: o ò ní kó kọ́kọ́rọ́ náà fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ Jímọ̀. Èyí tó kù nínú ìwé yìí, bí o ò ṣe ní kó o fún wọn ni.

Mọ orúkọ ohun tó ń bá ọ jà. Kì í ṣe ayé. Kì í ṣe Àlàájà, kì í ṣe ẹni tó wà nípò náà tẹ́lẹ̀. Túúlu ni, ti ilé wa ni, a bí ọ mọ́ ọn ni.

Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ èyí fún báyìí o, Màmi. Ẹ rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú mi? Mo ń ti ilé ìwé bọ̀ nínú oòrùn. Mo kọ́kọ́ rí nǹkan kan tó ń tàn yanran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, eteetí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi bíi eyín ayùn. Mo rò pé mo ti di wòlíì. Kí n tó délé, ẹ̀gbẹ́ òsì orí mi ti ń lù gbọ̀ràn-gbọ̀ràn bí ìgbà tí wọ́n ń fi kùmọ̀ lu àdìrẹ kó lè máa dán. Mo bì sẹ́nu ọ̀nà. Ilé mìíràn ì bá gbé ọmọ dìde lọ sí ọsibítù. Ní ilé tiwa, Màmá Àgbà béèrè pé, "Ẹ̀gbẹ́ wo?" Mo ní òsì. Wọ́n bú sí ijó. "Olówó orí mi ti dé. Àwọn kan ń sọ pé òun kọ́. Ó gbé orí rẹ̀ dání wá." Wọ́n lọ gbé fìlà Bàbá jáde nínú àpótí, gbogbo rẹ̀ ń rùn káńfọ̀, wọ́n fi dé mi lórí. Ẹ̀yin kúnlẹ̀, ẹ ní, "Bàbá mi, ẹ kú àbọ̀." Òórùn káńfọ̀ yẹn ru èébì mi, mo ṣí i kúrò lórí. Inú fìlà náà ni mo bì sí.

Àṣìṣe ìgbà èwe mi nìyí: ọlá náà dùn mọ́ mi. Tí orí bá ti fọ́ mi, ẹran tèmi á tóbi, ẹnikẹ́ni ò ní rán mi níṣẹ́. Mo wá sọ ọ́ di oyè. Orí ń fọ́ mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó sàn, torí ta ló ń gbé oyè lọ sọ́sibítù? Ìgbà tí mo ṣubú lójú gbogbo ẹgbẹ́ mi lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ kan ni tíṣà tó gbé mi lọ. Dókítà obìnrin kan ló yẹ̀ mí wò, ọmọ Ẹ̀gbá bíi tiwa. Ó tan iná sí mi lójú, ó ní kí n di ọwọ́ òun mú, kí n rìn lọ rìn bọ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Ta ló tún ní irú ẹ̀fọ́rí yìí nílé yín?"

"Èmi ni."

"Yàtọ̀ sí ẹ."

"Èmi náà ni, nígbà tí mo kọ́kọ́ wá."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Kí lorúkọ ẹ?"

"Babátúndé."

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá. Nígbà tí ẹ ń padà bọ̀, ọ̀nà wo lẹ gbà?"

"Ọ̀nà wo ni mo tún lè gbà, Dókítà? Inú ìyá mi ni."

"Ẹrù tí ẹ gbé dání ńkọ́? Ibo ló gbà?"

Orí mi ni mo ń fọwọ́ pa. Èmi tí mo máa ń fún kọ̀ǹdọ́ Kútọ̀ lésì kí wọ́n tó bú mi tán. Ó ní túúlu a máa rìn nínú ẹbí bí imú gbọọrọ ṣe ń rìn nínú ẹbí; pé bí bàbá ìyá bá ní in tí ọmọ ọmọ sì ní in, kí wọ́n yáa lọ wo orí ìyá tó wà láàárín. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Mo sáré wá sọ fún yín. Ẹ rántí èsì yín? Ẹ ní, "Ti Bàbá ni túúlu. Bàbá sì nìyí lára ẹ. Báwo ló ṣe tún máa wà lára mi? Tèmi aró ló ń rùn sí mi." Bí ẹ ṣe gbé e nìyẹn: bíi pé túúlu kan ṣoṣo ló wà nílé, bíi kẹ̀kẹ́, tí ẹni méjì ò lè gùn ún pọ̀. Nígbà tí tiyín wá ń le sí i, tí ẹ ò sì lè pè é ní túúlu, kí ló kù tí ẹ lè pè é? Ayé. Màmi, kì í ṣe ayé. Ẹrù mi ló gba ara yín kọjá, ó sì fi díẹ̀ síbẹ̀.

Kí ló dé tó fi wá le ní Kọ́bapẹ́? Mo ti rò ó. Ilé tuntun, oorun tí kò tó, ariwo ọkọ̀ ojú ọ̀nà Ṣàgámù, oúnjẹ tí ẹ kì í jẹ, àti oògùn. Ibi oògùn yìí ni màá ti di bàbá padà.

Dẹwọ́ lórí oògùn, Àṣàkẹ́. Rísí, wo etí ìró wọn, wàá rí kókó kan níbẹ̀. Tú u. Oògùn ara ríro ló wà níbẹ̀, funfun àti olómi ọsàn, wọ́n ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Mo mọ̀ torí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe èrò sí ọkọ̀ ní Kútọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo bá ọkùnrin kan pàdé tó ń ta oògùn nínú ọkọ̀, tó ní tòun ń wo orí, ń wo ìdí, ń wo ìyá ọkọ. Mo ra á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orí fò lọ. Nígbà tó yá, tí mi ò bá tíì lò ó láàárọ̀, orí á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní túúlu ti le sí i, mo fi kún un. Dókítà ló là mí lójú: ọdẹ tí mo gbà kó máa lé olè ti di olè. Tí èèyàn bá ń lo oògùn ara ríro lójoojúmọ́ fún ẹ̀fọ́rí, oògùn náà á máa dá ẹ̀fọ́rí mìíràn sílẹ̀. Ó ní kó má kọjá ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá sì máa lò ó, kí n tètè lò ó, nígbà tí ojú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe bàì-bàì, kó má jẹ́ ìgbà tí orí ti gba ilé gba ọ̀nà. Ó tún ní oògùn kan wà tí dókítà lè kọ fún ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀, tí kò ní jẹ́ kó máa wá lemọ́lemọ́. Èyí tó wà ní etí ìró rẹ, kó o dání wá ká fi han dókítà. Má fi kún un, má sì ra òmíràn nínú ọkọ̀ mọ́.

Jẹun. Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ: pé aró tó ti jí, tó ti ṣeé rẹ aṣọ, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Aró ò ní orí, ìwọ lo ní. Túúlu kórìíra ikùn òfìfo, ó kórìíra òùngbẹ, ó sì kórìíra kí èèyàn sùn lónìí kó má sùn lọ́la. Tí o bá ti kírun àsùbá, fi nǹkan sẹ́nu kí o tó ṣí ìkòkò kankan. Gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ní ti ààwẹ̀, mo rántí ọdún tó kọjá tí ẹ dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn láti àárọ̀ títí di ìṣínu tí ẹ sì kọ̀ láti mu omi, tí ẹ ní kí Ọlọ́run má pè yín lọ́lẹ. Àfáà àdúgbò fúnra wọn ló ní aláìsàn lè san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ẹ̀sìn ju Àfáà lọ ni? Dókítà tún ní kí n bi yín bóyá ó máa ń mú yín tí nǹkan oṣù bá ń bọ̀. Ìbéèrè yẹn, ẹ bá mi dá dókítà lóhùn. Bàbá ni mí, ojú ń tì mí.

Èyí tó kàn ni ibi tí mo fẹ́ kí o fi ọwọ́ lérán kí o ro dáadáa.

O ní òórùn aró àti kọ́sítíìkì tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ló ń dá a sílẹ̀. Òótọ́ ni, òórùn tó bá le lè jí túúlu. Ṣùgbọ́n níbo ni òórùn náà ti pọ̀ jù? Ní Ìtòkú, nínú ọgbà ẹlòmíràn, ìwọ lò ń tẹ̀ sórí ìkòkò, tí èéfín ń wọ̀ ọ́ nímú, tí oòrùn ń lù ọ́ lẹ́yìn, tí ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ ní ká ṣe é kíákíá. Ní Kọ́bapẹ́, ta ni ọ̀gá? Ọ̀gá ló ń sọ ibi tí wọ́n máa gbé ìkòkò sí. Gbé e síta, síbi tí afẹ́fẹ́ á ti máa gbé òórùn rẹ̀ lọ sínú pápá. Ta ìbòji lé e. Jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin fi aṣọ bo imú, kí wọ́n máa gba ìkòkò lọ́wọ́ ara wọn. Ìwọ jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kí o máa wo bí àwọ̀ ṣe ń mú. Ọdún tó o fi rẹ aṣọ fún ẹlòmíràn kó o tó dé ipò yìí, mi ò lè kà á. Ipò tí o fẹ́ sá fún yìí gan-an ló lè bò ọ́ lórí. Tí o bá kúrò níbẹ̀, ibo lò ń lọ? Ìdí ìkòkò Ìtòkú. Wàá ti gbé orí tó ń fọ́ padà lọ síbi tó ti máa ń fọ́ jù.

Má fi í pamọ́ mọ́. Àǹtí Mosún ní tó bá ti dé, ṣe lo máa ń wọ yàrá tí ẹ ń kó aṣọ sí, o ó tilẹ̀kùn, àwọn ọmọbìnrin á sì máa rò pé inú ń bí ọ tàbí pé ìgbéraga ipò ti dé. Rísí, ìwọ ló kàn báyìí. Tí ìyá mi bá fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, má béèrè nǹkan kan. Pa rédíò. Fa aṣọ bo wíńdò. Fún wọn ní omi àti aṣọ tó tutù fún iwájú orí. Má dáná ata nítòsí. Ṣe ọ̀gá dípò wọn títí wọ́n á fi jáde. Mo gbọ́ pé o mọṣẹ́, mo sì gbọ́ pé o lẹ́nu. Ọjọ́ tí o máa lò ó nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá ní wọ́n fi nǹkan ṣe ọ̀gá, sọ fún un pé bàbá ọ̀gá ní túúlu ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún kọ́ yín ní nǹkan kan tí mo dá sílẹ̀ fúnra mi, Màmi, ọwọ́ yín ló sì mọ̀ ọ́n ṣe jù. Fọ́nrán ikó tí ẹ fi ń di àdìrẹ, ẹ fa ọ̀kan yọ, ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Alẹ́ tí orí ò bá fọ́ yín lọ́jọ́ náà, ẹ ta kókó kékeré. Ọjọ́ tó bá fọ́ yín, ẹ ta ńlá. Ọjọ́ tí ẹ bá lo oògùn, ẹ fi òwú pupa lé e. Tí ẹ bá na ikó yẹn síwájú dókítà, ó máa rí gbogbo oṣù yín bí ẹni ń wo aṣọ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Èmi ò mọ àdìrẹ dì, okùn tèmi dà bíi ti ẹni tó fẹ́ so ewúrẹ́, síbẹ̀ dókítà kà á.

Ọ̀kan wà tí kò ní àwàdà nínú, kí Rísí kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tí orí bá ṣàdédé fọ́ ọ lójijì bí ààrá, tó le ju gbogbo èyí tó ti ń fọ́ ọ rí lọ. Tí ẹnu bá wọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò bá lágbára, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ ọ lẹ́nu. Tí ibà bá bá a wá tí ọrùn sì le gan-an. Tí ojú bá ṣú tí kò là. Tàbí tó jẹ́ pé o ṣubú fi orí gbálẹ̀: kì í ṣe ìgbà yẹn ni à ń fa aṣọ bo wíńdò. Kí wọ́n gbé ọ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n má dúró dè mí, kí wọ́n má dúró de àdúrà. Kí wọ́n máa gbà á nínú ọkọ̀. Àti pé tìrẹ yìí ti yàtọ̀ sí bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, nítorí náà mi ò sọ pé èmi ni dókítà rẹ. Mo sọ orúkọ tí mo rò pé ó ń jẹ́. Dókítà ló máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, tó máa wo ojú rẹ, tó máa sọ pé òun náà gbà. Àárọ̀ Sátidé ni màá wá mú ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mi ò ní pe èrò lọ́jọ́ yẹn. Àna mi ní òun máa gbé wa, mo gbà kó gbé wa.

Màmi, mo ti ń sọ̀rọ̀ bí àgbà láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ fìlà.

Gbogbo ohun tí mo kọ nípa dókítà, òótọ́ ni. Ti Wásinmi, Màmá Àgbà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Pé mo jẹ́ bàbá yín, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, mi ò lè pè yín ní onírọ́. Irọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé túúlu ń sá fún mi. Kì í sá. Lónìí náà ló tún mú mi, ibi tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ ìkòkò aró sí yín. Ìlà tó wà nínú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo lo oògùn kan tí dókítà fún mi, mo mu omi, mo wọ yàrá Màmá Àgbà torí ibẹ̀ ló ṣókùnkùn jù. Ẹ̀rù bà mí bó ṣe máa ń bà mí nígbà gbogbo. Mo bì. Màmá Àgbà jókòó tì mí, wọn ò jó, wọn ò sọ̀rọ̀ fìlà, wọ́n kàn di ẹsẹ̀ mi mú. Mo sùn. Nígbà tí mo jí, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, orí mi fúyẹ́ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé irun. Mo lọ mú bírò níbi tí mo jù ú sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo dé.

Ẹ wo ìwé náà dáadáa tí ojú yín bá ti là. Ẹ máa rí ibi tí ọwọ́ mi ti wọ́, ẹ sì máa rí i pé ọ̀rọ̀ ò pin síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá kírun tán, ẹ padà sí ilé aró. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín ṣílẹ̀kùn.

Èmi ni bàbá yín tí ẹ bí,
Babátúndé